Yíyàn àti Lílo Ohun Èlò Ìmòòkùn

Gbogbo ohun èlò tí amòòkùn ń gbé wọ inú omi ni wọ́n ṣe nítorí ìfúnpá, ìyẹn agbára tí omi fi ń tẹ ohun gbogbo tó bá wà nínú rẹ̀ láti ìhà gbogbo, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ìfúnpá ń ṣe sí afẹ́fẹ́ kò lè mọ ìdí tí ohun èlò kan fi dára tí òmíràn kò sì fi dára, bó ti wù kí owó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Lójú omi, afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ ara ènìyàn ní ìwọ̀n tó sún mọ́ báà kan, báà sì ni òṣùwọ̀n tí àwọn amòòkùn fi ń wọn ìfúnpá. Bí ènìyàn bá ti wọ inú òkun lọ ní mítà 10, báà kan mìíràn ti kún un, ó di méjì. Ní mítà 20 ó di mẹ́ta, ní mítà 30 ó di mẹ́rin. Robert Boyle ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1662 pé bí ìfúnpá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń sún kì, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó kún ọ̀rá lítà kan lójú omi yóò ku ìlàjì lítà ní mítà 10, yóò sì ku ìdá kan nínú mẹ́rin ní mítà 30. Ibi tí ìyípadà náà ti le jù lọ ni mítà 10 àkọ́kọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ibú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù ibú kì í sì í ro ti ibi tí omi ti mọ níwọ̀n mọ́ ewu.

Orí yìí dá lórí ohun èlò amòòkùn tí ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀n, tí ń tú èémí rẹ̀ sínú omi, tí kì í sì í kọjá mítà 40, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ́ni níṣẹ́ yìí gbà gẹ́gẹ́ bí òpin fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn. Jacques Cousteau, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Faransé, àti Émile Gagnan tó jẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n jọ mú irú ohun èlò yìí jáde ní 1943, gbogbo èyí tí wọ́n ń tà lónìí kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là. Ọ̀rọ̀ ibí yìí kò kan òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gba inú họ́ọ̀sì wá láti orí ọkọ̀, kò sì kan àwọn ọkùnrin tí ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó pẹ̀lú garawa àti àkàbà lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ti àwọn wọ̀nyí le ju ti ẹnikẹ́ni tó ní rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀rọ tí amòòkùn fi ń mí, lẹ́nu.

Ohun tó yẹ kí ó ṣáájú nínú rírà

Kí ẹnikẹ́ni tó na kọ́bọ̀ lórí ohun èlò, ó yẹ kí ó ti kọ́ ìmòòkùn lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹgbẹ́ bíi BSAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, tàbí PADI ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó nílò, nípa bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ ohun tó bá ara rẹ̀ mu kí ó tó dé iwájú ọlọ́jà. Ẹni tó bá sì ra ẹrù sílẹ̀ kí ó tó mọ lílò rẹ̀ sábà máa ń rà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ohun tí ènìyàn lè ní fúnra rẹ̀, ìbòjú ni ó yẹ kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà àjẹ̀ ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà ìmòòkùn, lẹ́yìn náà rẹ́gúlétọ̀. Sìlíńdà ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn, nítorí ó wúwo, àyẹ̀wò rẹ̀ gbówó lórí, kò sì sí etíkun kan tí wọ́n ti ń mòòkùn dáadáa tí wọn kì í ti í yáni.

Ìbòjú, ìyẹn awò onígíláàsì tó bo ojú àti imú pọ̀, wà nítorí pé ojú ènìyàn kò lè ríran kedere nínú omi àfi bí afẹ́fẹ́ bá wà níwájú rẹ̀. Gíláàsì náà ń mú kí nǹkan dà bí ẹni pé ó fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i, tí ó sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ni ju bó ti rí lọ, ìdí nìyí tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń ṣìnà nígbà tó bá na ọwọ́ mú nǹkan. Ìbòjú gbọ́dọ̀ bo imú, kì í ṣe nítorí àtilè mí, bí kò ṣe nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sún kì bí amòòkùn ti ń sọ̀ kalẹ̀, imú sì ni amòòkùn fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún un kí ó má bàa máa fa ojú jáde. Awò ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ojú nìkan kò ní ọ̀nà tí amòòkùn lè gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì lè bẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹyinjú láàrin mítà mélòó kan. Irú ewu kan náà wà nínú ohun tí àwọn kan fi ń dí etí, nítorí omi yóò tì í wọ inú ihò etí lọ. Amòòkùn kò gbọ́dọ̀ dí etí rárá, dípò bẹ́ẹ̀ yóò di imú mú, yóò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ sí etí rẹ̀ láti inú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹni tí ọ̀fìnkìn bá sì ti dí nímú kò gbọ́dọ̀ wọ omi lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń dán ìbòjú wò kò náni lówó: oníbàárà á gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, á fa èémí díẹ̀ símú, bí ìbòjú náà bá sì dúró lójú láìjábọ́, ó bá ojú náà mu. Irun imú lókè ètè àti irùngbọ̀n lè jẹ́ kí omi máa yọ́ wọlé, nítorí náà ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ túbọ̀ fara balẹ̀. Kí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná sọ di líle, tí kò ní fọ́ sí ẹlẹ́nu mímú, kí etí rẹ̀ sì jẹ́ sílíkónì rírọ̀. Ìbòjú tuntun máa ń ní ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ilé-iṣẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ìrì bò ó, ọṣẹ ìfọyín lásán ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Ti àjẹ̀ ẹsẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oríṣi méjì ni: èyí tí wọ́n ń wọ̀ bí bàtà sẹ́sẹ̀ lásán, tó dára fún omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń fi bàtà rọ́bà sí nínú, tó dára fún ibi òkúta àti omi tútù. Èyí tó le gan-an kò sọ ẹnikẹ́ni di alágbára, iṣan ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò bẹ́ẹ̀.

Aṣọ, òjé àti ẹ̀wù ìléfòó

Omi ń gba ooru kúrò lára ènìyàn ní bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ, nítorí náà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ létí òkun lè mú ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan gbọ̀n. Aṣọ rọ́bà alárànmọ́ra tí àwọn amòòkùn ń wọ̀ kò dí omi. Ó ń jẹ́ kí omi díẹ̀ wọlé, ara ń mú omi náà gbóná, àwọn ìfófòó kéékèèké inú rọ́bà náà sì ń dí ooru lọ́nà. Èyí tó nípọn tó mílímítà 3 tó fún òkun ilẹ̀ olóoru, mílímítà 5 sí 7 sì wà fún omi tó tutù. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ ìmòòkùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ní Stoney Cove tó wà ní Leicestershire, níbi tí omi ti kún kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń wọ aṣọ tí kò jẹ́ kí omi wọlé rárá, ṣùgbọ́n irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ nínú, ó sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Rọ́bà tó ní ìfófòó nínú máa ń léfòó, bí ìfúnpá bá sì tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ ó máa ń fẹ́lẹ́ sí i, ìléfòó rẹ̀ á dínkù, ooru tó ń pa mọ́ á dínkù pẹ̀lú. Ohun méjì ni amòòkùn fi ń dáhùn èyí: òjé tó dè mọ́ ìbàdí tàbí tó kó sínú àpò, èyí tó ń fà á sísàlẹ̀, àti ẹ̀wù ìléfòó, tó jẹ́ ẹ̀wù alápò afẹ́fẹ́ tó so sìlíńdà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí wọ́n gbé òjé tó pọ̀ jù, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn kò ní lè rì. Ohun tó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé wọ́n á máa kún ẹ̀wù náà ní afẹ́fẹ́ láti gbé òjé tí kò yẹ kí wọ́n gbé, afẹ́fẹ́ púpọ̀ náà á sì máa fẹ̀ gidigidi nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ lókè. Ọ̀nà àtiwọ̀n ọ́n ni kí amòòkùn tó ti wọ gbogbo ohun èlò rẹ̀, tí sìlíńdà rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, dúró gangan lójú omi láìjàjẹ̀, kí ó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù kúrò, kí ó mí bó ṣe máa ń mí: bí omi bá dé ojú rẹ̀ gẹ́rẹ́, òjé náà pé. Wọ́n ní kí sìlíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nítorí pé afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà lítà 12 tó kún wọ̀n tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta, ìwọ̀n náà yóò sì ti lọ nígbà tí amòòkùn bá ń padà bọ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n nínú omi dídùn gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ kún un kí ó tó lọ sínú òkun, nítorí omi iyọ̀ máa ń gbé nǹkan ró ju omi dídùn lọ. Òjé yòówù kó jẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè tú u jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀wù ìléfòó kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì rẹ̀ ń tan ènìyàn láti lò ó bẹ́ẹ̀; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè, ọwọ́ á sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀wù díẹ̀díẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ẹ̀wù agbẹ̀mílà, torí kò dájú pé yóò dá ojú ẹni tó dákú sókè. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ kún títí, kí ó fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí láti wò bóyá yóò rọ̀, kí ó sì tẹ gbogbo fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde wò, àti ti èjìká àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Bọ́tìnnì tó há sílẹ̀ lè gbé amòòkùn lọ sókè láìdúró. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí amòòkùn fa họ́ọ̀sì náà yọ kúrò lára ẹ̀wù, ohun tó yẹ kí ọwọ́ ti mọ̀ láìwojú.

Rẹ́gúlétọ̀

Nínú gbogbo ohun èlò ìmòòkùn, èyí ni ó yẹ kí wọ́n fi àkókò tó pọ̀ jù lọ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí rẹ́gúlétọ̀ ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti èyí tó wà lórí sìlíńdà gáàsì ìdáná, tó ń rọ agbára gáàsì sílẹ̀ kí ó tó dé ojú ààrò, àfi pé ti amòòkùn gbọ́dọ̀ máa yí ìwọ̀n rẹ̀ padà bí omi ti ń jìn sí i. Iṣan àyà ènìyàn kò lágbára láti fa afẹ́fẹ́ ojú omi sínú nígbà tí omi bá ń tẹ̀ ẹ́; èyí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi rọ́bà gígùn mí láti ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà rẹ́gúlétọ̀ pín sí ọ̀nà méjì: apá àkọ́kọ́, tó wà lórí fáàfù sìlíńdà, ń rọ ìfúnpá báà 200 wálẹ̀ sí nǹkan bíi báà 10 ju ti omi àyíká lọ, apá kejì, tó wà lẹ́nu, ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀ dé ìwọ̀n omi náà gan-an, kì í sì í fúnni ní afẹ́fẹ́ àyàfi ìgbà tí amòòkùn bá fà á.

Láti inú èyí ni òfin tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí ti wá: amòòkùn tó ń mí láti inú sìlíńdà kò gbọ́dọ̀ sé èémí rárá. Afẹ́fẹ́ tó fà símú ní mítà 10 ní ìfúnpá báà méjì, bí ó bá sì sé e mọ́nú gòkè, yóò fẹ́ di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró lè ya, afẹ́fẹ́ sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Kò nílò ibú kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nítorí mítà kan àti díẹ̀ ti tó fún ẹni tó fa èémí kún àyà, ìdí sì nìyí tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni kì í fi í ṣe ibi eré.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kejì tó wà lẹ́nu, apá kejì mìíràn gbọ́dọ̀ wà, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tí họ́ọ̀sì rẹ̀ sì gùn, fún ẹnìkejì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán. Ó yẹ kí ó wà ní àárín àyà, níbi tí ẹni tí jìnnìjìnnì mú ti lè rí i já gbà, kì í ṣe kí ó máa wọ́ nílẹ̀ kí yanrìn kó sí i lẹ́nu. Ó yani lẹ́nu pé àwọn kan máa ń ra rẹ́gúlétọ̀ olówó iyebíye fún ara wọn, kí wọ́n sì fi èyí tí kò mí dáadáa sí ipò àrànṣe, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò lò ó ni ẹni tí èémí ti ká mọ́.

Bí apá àkọ́kọ́ ṣe ń so mọ́ sìlíńdà pín sí méjì: ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ìdè irin gbá mú, tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Karibéánì; èkejì ni DIN ti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń yí wọ inú fáàfù, tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. DIN sàn jù, nítorí ó há òrùka rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ inú irin, kò sì rọrùn kí nǹkan gbá a kúrò. Ẹni tó bá ra DIN lè ra irin kékeré kan tí yóò jẹ́ kí ó bá sìlíńdà ti ìdè mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ti ìdè kò sábà rí ọ̀nà padà.

Omi tútù ni ó ń dán rẹ́gúlétọ̀ wò. Afẹ́fẹ́ tó jáde kúrò nínú ìfúnpá ńlá máa ń tutù gan-an, bí omi tó yí i ká bá sì tutù pẹ̀lú, yìnyín lè dì sí ara ẹ̀rọ náà, kí ó ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa tú jáde láìdúró. Nínú òfin Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 250, rẹ́gúlétọ̀ tí kò yẹ fún omi tó tutù ju ìwọ̀n 10 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ gbọ́dọ̀ ní àmì tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì máa lò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù gbọ́dọ̀ wá àmì náà lójú méjèèjì kí ó tó sanwó. Apá àkọ́kọ́ tí wọ́n dí, tí omi kò lè wọ inú rẹ̀, kò dára fún omi tútù nìkan. Ó dára fún omi ẹlẹ́rẹ̀ bíi ti ẹnu odò pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ àti iyanrìn kò ní rí ibi jókòó sí.

Sìlíńdà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀

Irin àti alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe sìlíńdà. Ti alumíníọ̀mù kò ní ìpẹtà bíi ti irin, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ń tán lọ ó máa ń fẹ́ léfòó, nítorí náà ó ń béèrè òjé díẹ̀ sí i. Ti irin kéré sí i, ó sì ń rì títí dé òpin, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀ yóò dípẹtà, ìpẹtà náà sì lè jẹ ọ́síjìn inú sìlíńdà tí wọ́n tì pa fún ìgbà pípẹ́, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀ kò ní lè gbé ẹ̀mí ró.

Bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe pẹ́ tó kì í ṣe àfojúbù. Sìlíńdà lítà 12 tí wọ́n kún dé báà 200 ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400. Bí amòòkùn kan bá ń lo lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lójú omi, yóò máa lo 80 ní mítà 30, nítorí ìfúnpá ibẹ̀ jẹ́ báà mẹ́rin. Ó yẹ kí ó padà dé ojú omi pẹ̀lú báà 50 nínú sìlíńdà, nítorí náà lítà 1,800 ni ó ní láti ná, kò sì ní kọjá ìṣẹ́jú 22 ní mítà 30, bẹ́ẹ̀ nínú ìṣẹ́jú náà ni yóò ti yọ ti àtigòkè kúrò. Sìlíńdà kan náà yóò fún un ní ìṣẹ́jú 45 ní mítà 10. Ẹni tó ń sáré, tí òtútù ń mú, tàbí tí ẹ̀rù ń bà lè lo ìlọ́po méjì.

Afẹ́fẹ́ lásán, tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n máa ń kún sínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti kún un ni ewu tí kò hàn sójú sì fara pa mọ́ sí. Bí ẹnu tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ bá wà nítòsí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kábọ̀n mọnọ́ksáídì yóò bá afẹ́fẹ́ wọlé, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú nínú ilé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tí ènìyàn lè fara dà lórí ilẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rin ní mítà 30. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí fọgánáísà fi ń fẹ́ táyà kò ní àsẹ́ tó lè mú epo àti ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, kò sì lè dé ìfúnpá tí wọ́n ń fẹ́, nítorí náà kò sí ohunkóhun tó lè sọ ọ́ di ẹ̀rọ amòòkùn. Afẹ́fẹ́ tó dára kò ní òórùn kankan, kò ní adùn kankan. Bó bá ní òórùn epo tàbí rọ́bà jíjó, kí wọ́n dá sìlíńdà náà padà. Ṣùgbọ́n àìní òórùn nìkan kò tó láti dá a láre, nítorí náà ó yẹ kí oníbàárà béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọn wò kẹ́yìn.

Àwọn kan ń lo nítírọ́ksì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, pàápàá èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 32. Ó ń dín náítírójìn tó ń wọ ara kù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ń di májèlé nígbà tí ìfúnpá tirẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi báà 1.4, ó sì lè fa gìrì lábẹ́ omi, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń mí ìdá 32 kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 33. Amòòkùn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ́síjìn inú sìlíńdà náà, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sí ara rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó kún un kì í ṣe ẹ̀rí. Epo tàbí gíríìsì lásán kò sì gbọ́dọ̀ kan ibi tí ọ́síjìn púpọ̀ ń gbà kọjá, torí ó lè gbiná.

Géèjì àti kọ̀ǹpútà ìmòòkùn

Géèjì ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, kọ̀ǹpútà ìmòòkùn sì ń sọ ibi tí omi jìn dé, ìṣẹ́jú tó ti lọ, àti iye ìgbà tó kù kí náítírójìn tó pọ̀ jù nínú ara. Náítírójìn tí amòòkùn ń mí símú ní ìfúnpá ńlá máa ń yọ́ wọ inú ẹran ara. Bí ó bá gòkè kíákíá, náítírójìn náà á hó jáde bí ìfófòó nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé, a sì máa fa ìrora, ẹ̀gbà, tàbí ikú. Àpẹẹrẹ tó yéni jù nípa èyí ṣẹlẹ̀ ní omi Nàìjíríà gan-an: ní oṣù Karùn-ún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos, Harrison Okene tó jẹ́ alásè inú rẹ̀ sì wà láàyè fún nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí nínú afẹ́fẹ́ tó há mọ́ inú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn amòòkùn rí i, wọn kò lè fà á lọ sókè lójú ẹsẹ̀, nítorí náítírójìn ti kún ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sínú yàrá onífúnpá, ọjọ́ bíi méjì ni wọ́n sì fi rọ ìfúnpá náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lè jáde.

Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, nítorí ẹni méjì kì í wà ní ibú kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà tó sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan lánàá kò yẹ ní yíyá fún ẹlòmíràn lónìí, torí ara ẹni àná ló ń kà. Kí wọ́n má ṣe yá ju mítà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan lọ nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, kí wọ́n sì dúró ní mítà márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ dúró fún ó kéré tán wákàtí 12 kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó sì mòòkùn fún ọjọ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún 18.

Tọ́ọ̀ṣì kò pọn dandan nínú omi tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n nínú omi ẹrẹ̀ ó di dandan. Ọkọ̀ Clotilda, tó kó àwọn ẹrú, tí àwọn tó ń sọ Yorùbá wà láàrin wọn, láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860, wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ nínú odò Mobile, wọn kò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí di 2019. Fèrè, ọ̀bẹ kékeré tó lè gé okùn àwọ̀n, àti bàlúùnù gígùn aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń fẹ́ sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi tí amòòkùn wà, jẹ́ ohun tí owó wọn kò tó nǹkan, àwọn ni ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń mòòkùn níbi tí àwọn apẹja ti ń da àwọ̀n ní kí ó tó ronú kan kámẹ́rà.

Kí wọ́n tó wọ omi, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹni méjì ni ó ń yẹ ara wọn wò, olúkúlùkù á sì yẹ ti ẹnìkejì: ẹ̀wù ń kún, ó sì ń tú, òjé dè, ó sì ṣeé tú, gbogbo ìdè hàn gbangba, fáàfù ṣí tán pátápátá. Kí ẹni tó ń ṣí fáàfù yí ojú gíláàsì géèjì kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, torí gíláàsì tó ti sán lè fò síta. Lẹ́yìn náà kí ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ẹnu rẹ́gúlétọ̀ pẹ̀lú ojú lórí géèjì: bí abẹ́rẹ́ géèjì bá ń sọ̀ kalẹ̀ tó sì ń padà gòkè pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, fáàfù náà kò ṣí tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú omi afẹ́fẹ́ lè dà bí èyí tó tó. Àṣà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣí fáàfù tán kí wọ́n tó dá a padà díẹ̀ ti pa ènìyàn lára, nítorí àwọn kan máa ń ṣì í ṣe, wọ́n á tì í pa tán, wọ́n á sì ṣí i díẹ̀, wọ́n á rò pé ó tó.

Lẹ́yìn omi, gbogbo ohun èlò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú omi dídùn, kí wọ́n sì sá a síbi tí oòrùn kò ti ní ta á. Ìdérí kékeré tó bo ẹnu apá àkọ́kọ́ rẹ́gúlétọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí wọ́n sì dé e kí omi tó kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tẹ bọ́tìnnì iwájú apá kejì nígbà tó bá wà nínú omi ìwẹ̀, nítorí omi yóò gba ibẹ̀ wọ inú họ́ọ̀sì. Sìlíńdà kì í dúró lóòró láìsí ẹni tó mú un, wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni. Kò sì yẹ kí ó ṣófo pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé. Inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù lè ra àjẹ̀ ẹsẹ̀ àti aṣọ láìdààmú, ṣùgbọ́n rẹ́gúlétọ̀ àlòkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí láti tú u, kí wọ́n sì fi owó iṣẹ́ náà kún iye tí wọ́n ń ná an, nítorí rẹ́gúlétọ̀ tí ẹ̀dínwó rẹ̀ dùn létí lè di àfọwọ́fà. Ti sìlíńdà rọrùn láti kà: ọjọ́ tí wọ́n fi omi dán agbára rẹ̀ wò kẹ́yìn wà ní fífín sí èjìká rẹ̀, ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọdún márùn-ún. Bó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe ṣáájú 1990, kí oníbàárà béèrè irú àdàlù tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 6351 ti sán ní ọrùn rí, ọ̀pọ̀ ilé ìkúnfẹ́fẹ́ kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.